Ojúlùmọ̀ àti Alárinà: Àyẹ̀wò Ọ̀nà Ìwáṣẹ́ Lórí LinkedIn Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́ Àríwá Èkìtì

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wíwá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbà wáṣẹ́ lónìí ti yàtọ̀ sí èyí tí àwọn òbí wọn mọ̀. Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá jáde ìwé yóò ra ìwé ìròyìn Daily Times, tàbí Guardian tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, yóò wo ojú ewé tí wọ́n ń kéde iṣẹ́ sí, yóò kọ lẹ́tà, yóò sì fi í ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí kò bá ṣe èyí, yóò wọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, pẹ̀lú ìwé pélébé tí bàbá rẹ̀ kọ lé e lọ́wọ́. Ọ̀nà kìn-ín-ní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Ọ̀nà kejì kò dí. Aṣọ mìíràn ni ó wọ̀.

Agbègbè tí àpilẹ̀kọ yìí fojú sí ni àríwá Èkìtì, èyíinì ni Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú méje tí ń jẹ́ Iléjeméje, nínú èyí tí Iye-Èkìtì wà. Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yìí tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà kan wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́-Èkìtì sílẹ̀, tí ọgbà rẹ̀ wà ní Ọyẹ́ àti ní Ìkọ̀lé. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ Ìkọ̀lé tí ó bá fẹ́ ka ìwé gboyè ní láti fi ìlú sílẹ̀. Ibi tí ó bá sì ti kàwé ni yóò ti pàdé ẹni tí yóò mú un dé ibi iṣẹ́. Lónìí, ó lè bẹ̀rẹ̀ ìwé kí ó sì parí rẹ̀ láìkúrò ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Àǹfààní ni èyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà ní àyíká kò pọ̀ ju ilé-ìwé, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdó, ọjà àti oko. Ẹni tí ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò-owó ní láti wá ọ̀nà tí àwọn tí ó wà ní òkèèrè yóò fi mọ̀ pé ó wà láyé.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ohun àtijọ́ méjì ni ó pàdé lórí ojúde íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní LinkedIn. Èkíní ni ojúlùmọ̀, èkejì ni alárinà. Yorùbá mọ àwọn méjèèjì dáadáa. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí àwùjọ rẹ̀ ti kọ́ ọ nípa wọn yóò rí i lò. Ẹni tí ó bá gbàgbé lè pàdánù owó, ó sì lè pàdánù ẹ̀mí, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ohun tí LinkedIn jẹ́

Ìparí 2002 ni Reid Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá LinkedIn sílẹ̀ ní Califóníà ní Amẹ́ríkà. Oṣù karùn-ún 2003 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ní 2016 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft kéde pé òun yóò rà á ní bílíọ̀nù 26.2 dọ́là. Nígbà tí yóò fi di ìparí 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ti kọjá bílíọ̀nù kan jákèjádò ayé. Nílẹ̀ tiwa níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, Ọlálékan Olúdé àti Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, ti dá Jobberman sílẹ̀ ní 2009, ní àkókò tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń yan iṣẹ́ lódì. Ṣùgbọ́n Jobberman sún mọ́ ojú ewé ìkéde iṣẹ́ ti ìwé ìròyìn àtijọ́: iṣẹ́ ni wọ́n pàtẹ síbẹ̀. Lórí LinkedIn, ènìyàn ni wọ́n pàtẹ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì.

Olúkúlùkù a máa ní ojú ewé kan tí ó fi ara rẹ̀ hàn sí: orúkọ, àwòrán, ìlà kan tí ó sọ ohun tí ó ń ṣe, ibi tí ó ń gbé, iṣẹ́ tí ó ti ṣe àti ìwé tí ó ti kà. Ẹni tí ó bá gbà láti so pọ̀ mọ́ ọ ni ipele kìn-ín-ní, ẹni tí ó mọ ẹni tí o mọ̀ ni ipele kejì, ẹni tí ó mọ ìyẹn ni ipele kẹta. Títí dé ibí yìí, kò sí ohun tí ó ṣàjèjì. Àmọ́ ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ń san owó ilé. Ẹni tí ń wáṣẹ́ lè lo ibẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àwọn tí ń wá òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń san owó gọbọi kí wọ́n lè rí ẹ̀rọ ìṣàwárí tí ó já fáfá lò. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó tí ń wọlé fún LinkedIn ti ń wá. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ń wáṣẹ́ ni ọjà tí wọ́n tò sórí àtẹ. Kò yẹ kí èyí bí ẹnikẹ́ni nínú, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ pé orí àtẹ ni òun wà yóò mọ bí ó ti yẹ kí òun jókòó.

Ojúlùmọ̀ àti ìyekan

Ní àwùjọ wa, ẹni tí a kọ́kọ́ ń ké sí nígbà tí a bá ń wáṣẹ́ ni ìyekan: ẹ̀gbọ́n, àbúrò ìyá, ọkọ àǹtí, ará ilé. Lẹ́yìn ìyekan ni ọ̀rẹ́ tí ó sún mọ́ni àti ará ìjọ. Ojúlùmọ̀ ni ó kẹ́yìn, nítorí ojú láti bẹ̀ ẹ́ ń tì wá. Ìwádìí ti fi hàn pé ìtò yìí kì í fi ìgbà gbogbo ṣiṣẹ́.

Ní 1973 ni Mark Granovetter, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí agbára tí ó wà nínú ìsopọ̀ tí kò lágbára. Ó ti fọ̀rọ̀ wá àwọn ọkùnrin kan lẹ́nu wò ní ìlú Newton ní Massachusetts, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí iṣẹ́ padà. Nínú àwọn tí wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ rí iṣẹ́, ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àwọn máa ń rí ẹni náà léraléra, ìdá 55.6 ní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, ìdá 27.8 ní àwọn kì í sábàá rí i rárá. Ìdí rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ẹni tí ó sún mọ́ ọ jù, ohun tí o gbọ́ ni òun náà gbọ́. Bí ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìkọ̀lé bá ń wá olùkọ́, àti ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ni ẹ ó gbọ́ ọ ní ọjọ́ kan náà. Ojúlùmọ̀ tí ó wà ní Kánò tàbí ní Port Harcourt ni ó lè gbọ́ ohun tí kò lè dé etí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò rẹ láéláé.

Ní 2022, Karthik Rajkumar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin dán èrò yìí wò lórí LinkedIn fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní mílíọ̀nù 20, ó sì gba ọdún márùn-ún. Ohun tí wọ́n rí ni pé òótọ́ ni Granovetter sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ààlà. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rárá ni ó wúlò jù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìyekan. Ẹni tí ó wà ní àárín, tí ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ àwọn ènìyàn díẹ̀, ni ó mú iṣẹ́ wá jù lọ. Wọ́n tún rí i pé ní àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ tí ó fi ara ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà gan-an ni ojúlùmọ̀ ti wúlò. Ní àwọn ẹ̀ka tí kò fi bẹ́ẹ̀ lo kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó sún mọ́ni ni ó wúlò jù. Lójú tiwa, apá ìkẹyìn yìí ni ó kan àríwá Èkìtì jù. Ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìdó kò nílò LinkedIn tó bí ó ti nílò ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó mọ ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹni tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ yí padà fún.

Níbo ni ọmọ Iye-Èkìtì yóò ti rí irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó ti ní wọn lọ́wọ́ láìmọ̀. Ní 1973 yẹn kan náà ni ìjọba ológun Gowon gbé ètò ìsìnrú ìlú, NYSC, kalẹ̀, tí ó ń mú ọ̀dọ́ láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Ọdún náà sì ni Àjọ ITF bẹ̀rẹ̀ SIWES, tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. (Ọdún 1973 yìí pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa, a ó tún pàdé rẹ̀.) Ẹni tí ó bá a sùn nínú bàráàkì ní àgọ́ ìsìnrú ìlú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá tí ó fọwọ́ sí ìwé SIWES rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì tí wọ́n ti tú ká, wọ̀nyí gan-an ni ẹni àárín tí ìwádìí ń tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ a máa ju nọ́ńbà irú wọn nù ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé-ẹ̀rí, wọn a sì wá máa fi ìbéèrè ìsopọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ wọ́n rí. A rò pé ìdàkejì ni ó yẹ kí ó jẹ́.

Fífi ara ẹni hàn

Yorùbá kì í fẹ́ kí ènìyàn máa fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Ìyá ni ó ń ki ọmọ, ọ̀kọrin ni ó ń ki olówó; ẹni tí ó bá dìde kí ara rẹ̀ láàárín àwùjọ, wọn a fojú ẹlẹ́tẹ̀ẹ́ wò ó. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ wa bá dé ojú ewé tí ó ní kí ó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ni ó sábàá ń ṣe. Ó lè dákẹ́, kí ó kọ orúkọ àti ilé-ìwé nìkan. Ó sì lè ya ẹnu àyàjù, kí ó pe ara rẹ̀ ní olùdarí àgbà ilé-iṣẹ́ tí kò ní ju fóònù rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ń pa á lára, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ni alárinà ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí: orúkọ iṣẹ́, irinṣẹ́, ìlú. Ẹni tí ó kọ pé òun jẹ́ aláápọn, olóòótọ́ àti ẹni tí ń lépa ògo kò lè jáde, nítorí kò sí ẹni tí ń wá ògo. Ẹni tí ó kọ pé òun ṣe ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fún ọdún kan lórí Excel yóò jáde, kò sì yin ara rẹ̀ rárá. Ohun tí ó ṣe ni ó sọ. Oríkì náà wà láàyè tirẹ̀, nítorí LinkedIn fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kọ ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí nípa ẹni. Gbólóhùn mẹ́ta láti ọwọ́ ọ̀gá SIWES níyì ju ojú ewé kan tí a fi ọwọ́ ara wa kọ.

Ọ̀rọ̀ ìlú ṣòro díẹ̀. Alárinà tí ó bá ń wá òṣìṣẹ́ fún Èkó yóò fi Èkó sẹ́ ìṣàwárí rẹ̀, ẹni tí ó kọ Ìkọ̀lé kò sì ní jáde sí i. Àwọn kan ń kọ Èkó nígbà tí wọn kò gbé ibẹ̀. A kò fara mọ́ èyí. Ó sàn kí ènìyàn kọ ibi tí ó wà, kí ó sì sọ gbangba pé òun ti ṣe tán láti kó lọ. LinkedIn ní ibi tí a ti lè yan àwọn ìlú tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ sí.

Alárinà

Nínú ètò ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ìdílé ọkọ ni ó sábàá ń rán alárinà. Òun ni yóò wádìí bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé ọmọbìnrin náà, bóyá wọ́n jẹ́ olóòótọ́, bóyá ọmọ náà mọ iṣẹ́ ilé. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rántí ni pé ìdílé ìyàwó náà kì í sùn. Àwọn náà yóò rán ènìyàn lọ sí ìlú ọkọ. Àwọn àgbà sì ní bí ojú bá ti mọ ojú tán, alárinà a máa yẹ̀bá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni alárinà iṣẹ́ rí. Yálà ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tàbí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tí ń bá àwọn ẹlòmíràn wá òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ni ó rán an, agbanisíṣẹ́ ni ó sì ń san owó rẹ̀. Kì í ṣe alágbàwí ẹni tí ń wáṣẹ́. Nítorí náà, bí ó bá dákẹ́ lẹ́yìn tí ó ti fi ẹnu dídùn bá ọ sọ̀rọ̀, kò dalẹ̀. Ó ti rí ẹlòmíràn tí ó bá ohun tí wọ́n rán an mu. Láti inú èyí náà ni òdiwọ̀n tí ó dájú jù lọ ti jáde: alárinà tí ó bá ní kí ìyàwó san owó wíwá ọkọ ti fi ara rẹ̀ hàn. Ìbáà jẹ́ owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó àyẹ̀wò ara tàbí owó aṣọ iṣẹ́, owó tí a bá béèrè kí ènìyàn tó wọṣẹ́ jẹ́ ìdí tí ó tó láti dúró.

Bí a ti ń kọ̀wé sí alárinà náà fa àkíyèsí wa. Ọmọ Yorùbá rere kì í sọ ohun tí ó bá wá kí a tó dá a lóhùn ìkíni. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn a kọ pé ẹ káàárọ̀ sà, wọn a sì dúró de èsì. Ní ojúde ilé, ìwà ọmọlúàbí ni. Lórí LinkedIn, níbi tí alárinà ti ń rí ìkíni bẹ́ẹ̀ púpọ̀ lójúmọ́, kò ní dáhùn, ẹni tí ó kí i yóò sì rò pé ìgbéraga ni. Kí ìkíni àti iṣẹ́ tí a bá wá jọ wà nínú ìwé kan náà: “Ẹ káàárọ̀, mà. Mo rí i pé ẹ ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ìwé owó ní Akúrẹ́. Mo kàwé gboyè nínú ìṣirò-owó ní Ọyẹ́ ní 2022, mo sì ti ṣe iṣẹ́ náà fún oṣù 11. Ǹjẹ́ ààyè náà ṣì wà?” Kò tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni, kò sì fi àkókò ṣòfò.

Òfin àti ewu

A kò lè sọ̀rọ̀ alárinà láìsọ ti ẹlẹ́tàn, nítorí aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Kí ó tó di 1942, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Spéènì fọwọ́ sí àdéhùn lórí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ sí erékùṣù Fernando Po, àwọn kan ti ń fi ìlérí iṣẹ́ tí ó dára tan àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sí oko kòkó ibẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 wá sọ ọ́ di dandan pé ẹni tí yóò bá kó òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé kúrò nínú ìtumọ̀ tí ó fún òṣìṣẹ́. Àwọn alágbàṣe àti akọ̀wé ni ó ní lọ́kàn. Nípa bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́-gboyè tí a wí yìí gan-an ni òfin náà kò dáàbò bò dáadáa. A rò pé ó ti tó àkókò kí wọ́n tún un wò.

Àpẹẹrẹ méjì yóò fi bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó hàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2014, wọ́n pe àwọn tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Àjọ Aṣọ́bodè sí pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà fún ìdánwò. Àwọn tí ó kọ̀wé lé ní 500,000. Ààyè iṣẹ́ tí ó wà kò tó 5,000. Olúkúlùkù sì ti san 1,000 náírà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Abuja, Port Harcourt, Minna àti Benin, ó sì lé ní ènìyàn mẹ́wàá tí ó kú. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni alárinà níbẹ̀, ó sì gba owó lọ́wọ́ ìyàwó. Èkejì ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin 2021. Ọmọbìnrin kan tí ó ti kàwé jáde ní Yunifásítì Uyo kọ ọ́ sórí Twitter pé òun ń wáṣẹ́. Ẹnìkan pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ibi tí kì í ṣe ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á. Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Akwa Ibom dájọ́ ikú fún apànìyàn náà ní oṣù kẹjọ 2022.

Ohun tí ìdílé ìyàwó ń ṣe nígbà àtijọ́ ni ó yẹ kí ẹni tí ń wáṣẹ́ ṣe. Kí ó wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Àjọ CAC, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó pe ilé-iṣẹ́ náà sórí nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ wá, kì í ṣe èyí tí alárinà fún un. Láti 2023 ni LinkedIn ti ń fi àmì hàn lára ẹni tí ó bá ti fi ìdánilójú ibi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Kí ó wo àmì náà, ṣùgbọ́n kí ó má fi òun nìkan ṣe ẹ̀rí. Bí wọ́n bá pè é sí ibì kan, kí ó sọ ibẹ̀ fún ará ilé, kí ó má sì dá nìkan lọ. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́ sí i, kí ó wo orúkọ tí ó wà lórí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ọ̀pọ̀ báńkì ń gba òṣìṣẹ́ nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹni tí ó rò pé báńkì gba òun lè rí i pé alárinà ni ọ̀gá òun. Níbẹ̀, alárinà kò yẹ̀bá mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí ó ti gbé owó lọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní oṣù kejì 2022 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn físà fún àwọn tí yóò máa tọ́jú arúgbó àti aláìsàn. Kíá ni àwọn alárinà dé, tí wọ́n ń ta ìwé onígbọ̀wọ́ agbanisíṣẹ́ fún àwọn ènìyàn wa ní owó ńlá. Àwọn mìíràn ta ilẹ̀ bàbá wọn kí wọ́n tó rí i san. Títa ìwé náà kò bófin mu. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ilé-iṣẹ́ awáṣẹ́-fúnni, tí ó jẹ́ ti 1973 yẹn kan náà, kò gbà kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń wáṣẹ́ nítorí pé wọ́n bá a wá iṣẹ́. Orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ fún ní àṣẹ sì wà níta gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024 ni wọn kò ti gbà kí olùtọ́jú tuntun kó ọkọ tàbí aya àti ọmọ dání, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tí ń bọ̀ láti òkèèrè. Alárinà tí ó bá ṣì ń kọ̀wé sí ọ̀dọ́ kan ní Iye-Èkìtì lẹ́yìn ọjọ́ náà pé òun ní ìwé olùtọ́jú tuntun tí yóò fi ti ilé gba físà, ohun tí kò sí ni ó ń tà.